Ìfọ̀kànbalẹ̀ Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ìrònú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í kọ̀wé sí abala yìí pé àwọn èèyàn kì í ronú mọ́: wọ́n ń gba irọ́ gbọ́, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò ránṣẹ́ síra wọn, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ni wọ́n ń tẹ̀lé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn, ẹlòmíràn ni kì í ronú. Ẹni tó kọ lẹ́tà kì í sí lára wọn. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé ni èyí tó kan olúkúlùkù wa: báwo lèèyàn ṣe lè mọ bí ìrònú tirẹ̀ ti múná tó, kí ló sì lè ṣe kí ó múná sí i?

Èrò tèmi ni pé orí ìwé la ti ń wọn ìrònú, kì í ṣe inú ọkàn. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe dá wa lójú tó kò sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ṣìnà tí kò tíì mọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó mọ̀nà.

Nítorí náà, àwọn ìwé ìbéèrè tó máa ń ní kéèyàn fún ara rẹ̀ ní máàkì, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀. "Ṣé o máa ń gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn kí o tó dájọ́?" Ta ni yóò dáhùn pé rárá? Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Justin Kruger àti David Dunning, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò oríṣiríṣi, ìrònú tó bọ́gbọ́n mu sì wà lára wọn. Wọ́n ní kí kálukú sọ ibi tó rò pé òun wà láàárín ẹgbẹ́. Ìdámẹ́rin tó kẹ́yìn pátápátá, tí máàkì wọn kò ju ti èèyàn 12 lọ nínú 100 ní ìpíndọ́gba, rò pé àwọn ta 62 yọ. Àwọn kan ti sọ lẹ́yìn náà pé apá kan nínú àlàfo yẹn wá láti inú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò náà, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí di òní, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ní kí a padà sí máa fún ara wa ní máàkì. Emily Pronin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tiwọn kún un lọ́dún 2002: bí a bá ka àṣìṣe ìrònú tó wọ́pọ̀ sétí àwọn èèyàn, wọ́n gbà pé ó ń ṣe ọmọ aráyé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ti àwọn fúnra wọn kò tó ti àwọn ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tó ní ìdáhùn sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Shane Frederick gbé mẹ́ta jáde lọ́dún 2005. Ọ̀kan nìyí: ewéko kan wà lójú adágún, ojoojúmọ́ ló ń di ìlọ́po méjì. Bí ó bá gbà á ní ọjọ́ 48 láti bo gbogbo adágún, ọjọ́ mélòó ni yóò fi bo ìdajì? Èyí tó máa ń sáré wá síni lẹ́nu ni 24. Irọ́ ni: bó bá ń di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó kún ló kájú ìdajì, ìyẹn ọjọ́ 47. Nínú 3,428 èèyàn tó ṣe ìdánwò náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìdá 17 péré nínú 100 ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ìdá 33 kò gba ẹyọ kan. Kì í ṣe ìṣirò ló ṣòro níbẹ̀, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ohun tí ìbéèrè náà ń wò ni bóyá a máa ń dá èsì àkọ́kọ́ dúró díẹ̀ kí a tó jẹ́ kó jáde lẹ́nu. Àbùkù kan ló ní: ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí, kò ṣeé fi dán an wò mọ́. Ẹ dákun, mo ti ba ọ̀kan jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ báyìí.

Èyí tí mo kà sí ọ̀gá nínú wọn ni ti Peter Wason, láti ọdún 1960, nítorí pé ibi tí ìrònú ti ń yà kúrò lọ́nà ló ń fi hanni gan-an. Ẹ lè ṣe é pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí. Ẹ sọ fún un pé ẹ ní òfin kan lọ́kàn nípa nọ́ńbà mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, àti pé 2, 4, 6 bá òfin náà mu. Kí òun náà máa dá nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta wá, kí ẹ máa dá a lóhùn pé ó bá a mu tàbí kò bá a mu. Kó má sọ òfin náà títí yóò fi dá a lójú. Ẹ óò rí i: 8, 10, 12. Ó bá a mu. 20, 22, 24. Ó bá a mu. 100, 102, 104. Ó bá a mu. Ojú rẹ̀ á wá dán, á ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n! Nọ́ńbà tó ń fi méjì-méjì gòkè ni."

Kì í ṣe òun. Òfin náà kò ju pé kí nọ́ńbà kejì ju àkọ́kọ́ lọ, kí ẹ̀kẹta sì ju ìkejì lọ. 1, 2, 3 bá a mu. 5, 17, 900 bá a mu. Nínú èèyàn 29 tí Wason dán wò, 6 péré ló sọ òfin náà bó ṣe rí nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n la ẹnu. Àwọn yòókù kò ya òmùgọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ti mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè. Bí wọ́n bá dá 1, 2, 10 wá, tí wọ́n ń retí kí a sọ pé rárá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìrònú wọn ìbá ti yí padà.

Bí a ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ti gbà pé ọ̀gá òun kórìíra òun yóò máa ka iye ìgbà tí ọ̀gá kò dáhùn ìkíni. Kì í ka ìgbà tó dáhùn. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn tó lo oògùn kan kì í béèrè iye ẹni tí ara wọn yá tí wọn ò lo nǹkan kan. Fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ fa ilà àgbélébùú sórí ìwé kó di ojú mẹ́rin: ó lò ó, ara rẹ̀ yá; ó lò ó, ara rẹ̀ kò yá; kò lò ó, ara rẹ̀ yá; kò lò ó, ara rẹ̀ kò yá. Ká ní àwọn tó lò ó tí ara wọn yá jẹ́ 80, àwọn tó lò ó tí kò yá jẹ́ 20. Ẹ wò ó, 80 nínú 100! Ta ni kò ní pariwo oògùn náà? Ṣùgbọ́n ojú méjì péré ni ẹ ṣì kún. Bó bá jẹ́ pé nínú 50 tí kò lò ó, ara 40 yá, ìyẹn náà 80 nínú 100 ni, a jẹ́ pé oògùn náà kò fi nǹkan kan kún un. Ojú méjì ìsàlẹ̀ yẹn, tí kò sẹ́ni tó máa ń ròyìn wọn fún wa, ni kí ẹ máa wá. Àwọn àgbà ti sọ pé agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ojú méjì ìsàlẹ̀ ni ẹni kejì tí a kò pè sílé ẹjọ́.

Gbogbo ìwọ̀nyí, ìdánwò ìjókòó kan ni. Ohun tó ń wọn ìrònú ẹni bó ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù ni ìwé àkọsílẹ̀, òun gan-an ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ilà sí i kó di òpó márùn-ún. Òpó kìíní, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Òpó kejì, ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ tàbí tí ẹ rò pé ó jẹ́ òótọ́. Òpó kẹta, bó ṣe dá yín lójú tó nínú 100. Òpó kẹrin, ohun kan ṣoṣo tí ẹ bá rí tí yóò mú yín yí èrò padà. Òpó karùn-ún, ọjọ́ tí àbájáde yóò hàn, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ láti kọ bó ṣe padà rí.

Òpó kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. "Iṣẹ́ náà yóò lọ dáadáa": ta ni yóò dá irú ẹjọ́ yẹn? Kò sí ibi tó lè parí sí tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní rí ọ̀nà sọ pé òun gbà á. Ẹ kọ ọ́ kí àjèjì tí kò mọ̀ yín rí lè dá ẹjọ́ rẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín: "Wọn yóò parí àtúnṣe òrùlé náà kó tó di ọjọ́ 30 oṣù yìí, owó rẹ̀ kò sì ní fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ju iye tí a dá lé e." Ẹ tún kíyè sí i pé ohun méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Ẹ yà wọ́n, kí kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bó bá dá yín lójú ní 80 pé iṣẹ́ yóò parí lásìkò, tí 70 sì jẹ́ ti owó, kí méjèèjì jọ ṣẹ kò lè ju 70 lọ láéláé, ó sì sábà máa ń rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amos Tversky àti Daniel Kahneman fi hàn lọ́dún 1983 pé ìtàn tó ní àlàyé púpọ̀ nínú máa ń dùn mọ́ wa, a sì ń rò pé dídùn rẹ̀ ló mú kó ṣeé ṣe jù.

Ní òpó kẹta, ẹ lo 50, 60, 70, 80, 90 àti 95 nìkan. 50 túmọ̀ sí pé ẹ ò mọ̀ rárá. Bí nǹkan bá rẹlẹ̀ sí 50 lójú yín, ẹ yí gbólóhùn náà padà sí òdì kejì. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti tó: ọjọ́ tí ọjà tí ẹ rà yóò dé, bóyá ẹni tó ṣèlérí yóò mú un ṣẹ, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kan yóò gbà yín, bóyá ìròyìn tí ẹ kà láàárọ̀ yóò ní àtúnṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ má ṣe ìdájọ́ kankan títí àkọsílẹ̀ yóò fi tó 50, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn tí ẹ fún ní 80 jọ. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, ó yẹ kí nǹkan bí 16 nínú wọn ṣẹ. Bí ẹ bá rí 13 tàbí 19, ẹ má ṣe ìyọnu, oríire àti àìríire nìkan lè fa ìyẹn. Bó bá jẹ́ 10 tàbí 11, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: 80 inú ọkàn yín kò ju 55 lọ lójú ayé. Ìgbà mìíràn tí ọkàn bá sọ pé 80, ẹ kọ 65, kí ẹ sì máa wò ó. Bó bá wá jẹ́ pé ogún tí ẹ fún ní 80 ṣẹ pátápátá, ẹ̀ ń fojú kéré ohun tí ẹ mọ̀ ni. Ìyẹn náà jẹ́ àṣìṣe, ó lè mú kéèyàn máa jáfara níbi tó yẹ kó ti gbé ìgbésẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà ẹyọ kan ṣoṣo lè lo ìṣirò tí Glenn Brier, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1950 fún àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Bí ẹ bá kọ 80 tó sì ṣẹ, ẹ yọ 0.8 kúrò nínú 1, ó ku 0.2, ẹ fi 0.2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 0.04. Bí kò bá ṣẹ, 0.8 ni ẹ óò fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 0.64. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi iye àkọsílẹ̀ pín in. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ẹni tó ń kọ 50 sí gbogbo nǹkan yóò gba 0.25, nítorí náà, ẹni tí tirẹ̀ bá ju 0.25 lọ ìbá ti ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ bó bá kàn ń sọ pé òun kò mọ̀. Ó máa ń dun àwọn tó ń fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ láwùjọ bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe ìṣirò yìí. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ gbóná nínú rẹ̀ nítorí pé lójoojúmọ́ ni èsì ń dé bá wọn, kò sì sí àwáwí tí òjò ń gbọ́.

Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà ba ìwé náà jẹ́ kò pọ̀. Wọ́n á fi ohun tí kò lè ṣàìṣẹ kún un kí máàkì wọn lè dára. Wọ́n á gbàgbé láti fi ọjọ́ sí i, kí "yóò ṣẹ lọ́jọ́ kan" lè máa gbà wọ́n sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi ọkàn ṣe ìwé, pé àwọn yóò rántí. Ẹ ò ní rántí. Kí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, tó lọ sí Ṣáínà àti Mọsko lọ́dún 1972, Baruch Fischhoff àti Ruth Beyth ní kí àwọn kan sọ bí oríṣiríṣi nǹkan ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí ìrìn àjò náà parí tí wọ́n bi wọ́n ní nọ́ńbà tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀, èyí tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ wọn rántí fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Wọn ò purọ́. Bí iyè ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gègé ni kí ẹ lò, kì í ṣe pẹ́ńsù.

Ìwé àkọsílẹ̀ ń wọn ohun tó ní ọjọ́ ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń jiyàn lé lórí kò ní in: bóyá ètò kan dára, bóyá òfin kan yẹ. Fún èyí, ẹ fi àlàyé dán ara yín wò. Lọ́dún 2002, Leonid Rozenblit àti Frank Keil bi àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe mọ bí síìpù, kọ́kọ́rọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Kálukú fún ara rẹ̀ ní máàkì. Wọ́n wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, máàkì tí wọ́n fún ara wọn já wálẹ̀. Kí ẹ tó gbèjà ètò kan, ẹ kọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ni yóò ṣe kí ni, kí ni yóò ná an, kí ni àwọn tí kò fẹ́ ẹ yóò ṣe. Ibi tí ẹ bá ti kọ "ìjọba á kàn rí sí i pé", ihò tó wà nínú ìmọ̀ yín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló kàn, ọwọ́ ẹ̀yin oníwèé ìròyìn sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1978, wọ́n bi 60 dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láwọn ilé ìwòsàn yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní ìbéèrè kan. Àìsàn kan ń ṣe ẹnì kan nínú 1,000. Àyẹ̀wò rẹ̀ ń fi ẹ̀sùn èké kan ìdá 5 nínú 100 àwọn tí kò ní in. Bí àyẹ̀wò ẹnì kan tí a ò mọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀ bá fi hàn pé ó ní in, báwo ló ṣe lè jẹ́ pé ó ní in lóòótọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọn ni 95 nínú 100. Èèyàn 11 péré ló gbà á. Ẹ ka orí èèyàn, kò ní rú yín lójú: nínú 1,000, ẹnì kan ló ní àìsàn náà, ká gbà pé àyẹ̀wò mú un. Ó ku 999 tí ara wọn le. Ìdá 5 nínú 100 wọn jẹ́ nǹkan bí 50 tí àyẹ̀wò yóò ṣì mú. Àwọn tí a mú lápapọ̀ jẹ́ 51, ẹnì kan ṣoṣo ló ní in nínú wọn. Kò ju 2 nínú 100 lọ. Gerd Gigerenzer àti Ulrich Hoffrage fi hàn lọ́dún 1995 pé bí a bá yí irú ọ̀rọ̀ báyìí sí iye orí, ìdáhùn tó tọ́ máa ń pọ̀ sí i gidigidi. Ó tó ohun tí gbogbo wa lè kọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Irú ìwà yìí kan náà ni kí ẹ hù sí "ó di ìlọ́po méjì". Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, ìkìlọ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé irú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tuntun kan ń sọ ewu dídì ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni: láti nǹkan bí ẹnì kan nínú 7,000 sí ẹni méjì nínú 7,000. Ṣùgbọ́n "ìlọ́po méjì" nìkan ni ọ̀pọ̀ gbọ́. Àwọn obìnrin sá fún oògùn náà, oyún tí wọn ò fẹ́ àti oyún ṣíṣẹ́ sì gòkè lọ́dún tó tẹ̀lé e. "Ìlọ́po méjì láti mélòó?" ni ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ìbẹ̀rù.

Nípa yíyẹ ìròyìn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò ní sọ púpọ̀. Sam Wineburg àti Sarah McGrew fi àwọn òpìtàn 10, àwọn ayẹ̀ròyìn-wò 10 àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Stanford 25 síwájú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òpìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ojú ìwé náà, wọ́n ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ kí àwòrán àti orúkọ ńlá tan àwọn jẹ. Àwọn ayẹ̀ròyìn-wò fi í sílẹ̀ kíá, wọ́n ṣí ojú ìwé mìíràn láti wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tó ni ín. Ẹ ṣe bíi tiwọn. A kì í béèrè ìwà ẹni lẹ́nu rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fúnni jù ni pé kí a má ṣe ojúsàájú. Kò wúlò. Lọ́dún 1984, Charles Lord, Mark Lepper àti Elizabeth Preston gbé ìwádìí méjì tó tako ara wọn lórí ìjìyà ikú fún àwọn tó ti ní èrò tiwọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo bí adájọ́. Èrò wọn kàn ń le sí i ní ìhà tí wọ́n wà ni. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn béèrè ní gbogbo ìgbà pé: ká ní ìwádìí yìí kan náà, bí wọ́n ṣe ṣe é gẹ́lẹ́, ló mú èsì òdì kejì jáde, ṣé màá gbà á? Àwọn yẹn ni ìdájọ́ wọn dọ́gba. Ẹ kọ ìbéèrè yẹn sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ lò ó ní pàtàkì fún ìròyìn tó bá dùn mọ́ yín nínú. Charles Darwin náà ní òfin kan: bó bá ti pàdé ẹ̀rí tó tako èrò rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló ń tètè bọ́ sọnù nínú iyè jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣèlérí pé ẹ̀kọ́ kan yóò mú ìrònú yín múná nínú ohun gbogbo, ẹ fura sí i. Wason tún gbé káàdì mẹ́rin kalẹ̀ lọ́dún 1966. Irú èyí tí wọ́n máa ń lò nìyí: A, K, 4, 7. Lẹ́tà wà lójú kan, nọ́ńbà wà lójú kejì. Òfin ni pé bí fáwẹ́lì bá wà lójú kan, nọ́ńbà tó ṣeé fi méjì pín géérégé gbọ́dọ̀ wà lójú kejì. Àwọn wo lẹ máa ṣí láti mọ̀ bóyá wọ́n rú òfin náà? Ọ̀pọ̀ máa ń mú A àti 4. A àti 7 ni. Ohun yòówù kó wà lẹ́yìn 4, kò lè rú òfin náà. Àwọn tó ń gbà á kì í sábà tó 1 nínú 10. Ṣùgbọ́n nígbà tí Richard Griggs àti James Cox sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọtí lọ́dún 1982, pé ẹni tó bá ń mu bíà gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 19 lọ, tí káàdì sì jẹ́ bíà, Coke, ọmọ ọdún 16 àti ọmọ ọdún 22, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin gbà á: ẹ wo ẹni tó ń mu bíà, ẹ wo ọmọ ọdún 16. Ìbéèrè kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà dunjú. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n inú òwò lè jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì nínú ìṣègùn. Ẹ pín ìwé yín sí ẹ̀ka, iṣẹ́ lọ́tọ̀, ìlera lọ́tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀, ẹ óò rí i pé máàkì yín kò ní jọra. Níbi tó bá ti rẹlẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì fi wàhálà yìí ka gbogbo nǹkan. Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lónìí kò nílò òpó márùn-ún. Ohun tó bá ná owó púpọ̀, tó kan ìlera, tàbí tí kò ṣeé yí padà bó bá ti ṣẹlẹ̀, ni kí ẹ fi àkókò sí. Àṣà kan ṣoṣo lóṣù kan: kí ìwé àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ yín lára kí ẹ tó fi ilà àgbélébùú ojú mẹ́rin kún un. Àwọn tó há orúkọ gbogbo àṣìṣe ìrònú sórí kí wọ́n lè máa fi já ẹlòmíràn níyàn ni wọ́n ń kọsẹ̀ jù lójú tèmi, nítorí wọ́n ti rí ohun ìjà, wọn ò wo dígí mọ́.

Olóòtú, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ìgbàkigbà tí ẹ bá tẹ "ìdá báyìí nínú 100" tàbí "ìlọ́po méjì", kí ẹ tẹ iye tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan. Èkejì, àwọn tó máa ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la fún wa lójú ìwé yín, kí ẹ ní kí wọ́n fi ọjọ́ àti nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì tún un tẹ̀ ní ìparí ọdún pẹ̀lú bó ṣe padà rí àti máàkì Brier kálukú. Ẹni tí kò bá gbà láti fi nọ́ńbà sí i, kí ẹ kọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín